Owó-Orí Òtútù

“Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá, nígbà tí aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, o gba èrè,” ni ẹ̀rọ náà wí.

Mo ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ìlẹ̀kẹ̀-ẹ̀rí mi wà nínú àwo dígí níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan sì ń yí i ká. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi so ìlẹ̀kẹ̀ yẹn mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo fi wẹ̀, mo fi sùn, mo fi bu omi fún arúgbó mẹ́tàlélógún. Kò sí ohun tó wọ ọwọ́ mi tí kò rí. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ wò mí tìfẹ́tìfẹ́ lásán, á gbóná lára mi díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá rọra fọwọ́ kan ọmọ nínú àwùjọ pé kó ṣe jẹ́jẹ́.

“A kì í pe Òṣùwọ̀n ní òpùrọ́,” ni ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà sọ. “Ìbíyẹmí, jọ̀ọ́, dákẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.”

Bó ṣe pe orúkọ mi gan-an nìyẹn, láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ọ̀ṣúnlékè ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀, mo sì lè bí i lọ́mọ. Bó bá pàdé mi lójúde, yóò dọ̀bálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lórí ìjókòó Àjọ Òṣùwọ̀n Èrè, ọ̀wọ̀ náà wà lára èrè, ẹni tó bá sì wá tọrọ ìwé ìdásílẹ̀ kúrò nínú owó-orí kò gbọdọ̀ gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà títí tí wọn yóò fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í. Mo rí i pé ojú ń tì í, ìyẹn nìkan ni kò jẹ́ kí n fún un lésì tó tọ́ sí i.

“Èrè wo ni mo gbà?” ni mo béèrè. “Wọ́n gbé iṣu wá, mo dá a padà. Ọmọ Bàbá Ọdẹ́túndé fẹ́ bá mi tún òrùlé ṣe, mo lé e. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ náà dáadáa.”

“Oríkì ni,” ni ẹ̀rọ dáhùn. “Fadérera Olúgbọ̀dé, ibùsùn kẹrin, ló fún ọ. O gbà á nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti fi ojú àwọn arúgbó wọ̀nyẹn rí nítorí ìwé yìí. Ọjọ́ tí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo lọ láti ibùsùn dé ibùsùn ní Ilé Ìtura wa, níbi tí àwọn arúgbó ti ń sá fún ooru, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dúpẹ́ mọ́. Mo ní kí wọ́n má ṣe sọ pé ẹ ṣé, kí wọ́n má ṣàdúrà fún mi sétí mi, kí wọ́n má fọwọ́ pa mí lórí. Èmi náà kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, ìdúró ni kí n máa fi kí wọn, nítorí ẹni tó bá kúnlẹ̀ ń wá ìre. Bàbá Ọdẹ́túndé, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olùkọ́, a máa gba ife omi lọ́wọ́ mi, a pa ẹnu rẹ̀ dé, a sì kọjú sí ògiri bí ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Òwe tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà nìyẹn, èmi ni mo sì wá sọ gbogbo wọn di ọlọ́ṣà ní ọjọ́ alẹ́ wọn.

Àfi Màmá Fadérera. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni, ọpọlọ rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ṣé mo ní ẹ ṣé ni? Oríkì kì í ṣe ìdúpẹ́.” Mo ronú sí i, mo rí i pé òótọ́ ni. Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé òfin kò lè burú tó bẹ́ẹ̀.

“Òun ló ń kì mí, kì í ṣe pé mo tọrọ ẹ̀,” ni mo sọ fún ẹ̀rọ náà.

“Ìwọ lo kọ́kọ́ kúnlẹ̀,” ló dáhùn. “Ìdúró lo fi kí àwọn yòókù. Níwájú ibùsùn kẹrin, o kúnlẹ̀ nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa ń kọ́kọ́ lọ láàárọ̀. Ọkàn rẹ máa ń sáré kí o tó dé ibẹ̀, bó bá sì kì ọ́ tán, á balẹ̀. Ìwọ̀nba yìí tó láti pè ní èrè.”

Ọ̀ṣúnlékè wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Bàbá mi kì í pe ènìyàn ní oríkì, ìyàwó tó sì fẹ́ lẹ́yìn náà kò mọ̀ pé mo ní. Àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Àníkẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé Màmá Fadérera wá, mo kúnlẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó béèrè pé kí ni oríkì mi. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti sùn. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀:

“Àníkẹ́, ọmọ tí a ní tí a fi ń kẹ́.
Arẹwà tí í bọ́ sójúde tí ojúde ń kún.
Ọmọ a-sùn-má-jìnnà-síyàá.
Ọmọ tó bá mi délé tí n kò fi dá ilé gbé.”

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mo ní òógùn ni. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹsẹ̀ mi á kàn gbé mi lọ síbi ibùsùn kẹrin ni, eékún mi á sì kanlẹ̀. Mo ti gbà pé ó mọ ìyá mi níbì kan rí, pé ìyá mi ló fi oríkì náà pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ dè mí.

“Aago mélòó ló lù báyìí?” ni mo béèrè.

“Mẹ́wàá kọjá,” ni Ọ̀ṣúnlékè wí. “Ní aago méjìlá, bí mi ò bá fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀, Àjọ á kọ Ilé Ìtura sínú ìwé àwọn tó ń ta òtútù. Owó-orí òtútù ti oníṣòwò lẹ máa san. Kí ẹ tó san án, ọwọ́ Àjọ ni bọ́tìnì ẹ̀rọ amúlétutù yín wà.”

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ilé ìkàwé àtijọ́ ni Ilé Ìtura wa, ògiri rẹ̀ nípọn, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin sì ni gbogbo agbára wa. Ọdún tó ṣáájú kí a tó ṣí i, oòrùn oṣù kẹta pa arúgbó mọ́kànlá ní àdúgbò wa nìkan. Wọ́n bá ọ̀kan nínú wọn lórí àga pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà la dá ẹgbẹ́ Ilé Ìtura sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú kọkànlá. Òfin sì ní ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ bá jẹ nínú oore tó ń ṣe, oníṣòwò ni.

“Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?”

Ọ̀ṣúnlékè ṣí ìwé òfin, àmọ́ mo rí i pé ó ti mọ̀ ọ́n sórí. “Ọ̀kan wà. Kíkọ èrè. Ẹni tó bá gba èrè lè dá a padà lójú ẹni tó fún un. Wàá dúró níwájú rẹ̀, wàá ní o kọ̀ ọ́, pé kó gbà á padà, kó má sì fún ọ mọ́. Bó bá gbà á padà, Òṣùwọ̀n á pa á rẹ́.”

“Kí n kọ oríkì lójú àgbàlagbà tó kì mí?”

Ó pa ìwé òfin náà dé. Ọmọ Yorùbá ni òun náà.

Kẹ̀kẹ́ tó ń lo agbára oòrùn la wọ̀. Ọ̀ṣúnlékè gbé ọmọ Òṣùwọ̀n lé itan, ẹ̀rọ rogodo kan tí kò tóbi ju àgbọn lọ, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Títì dá páropáro. Ìwọ̀nba àwọn tó jáde ń gba abẹ́ òrùlé tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kọjá, aṣọ funfun lórí wọn dé èjìká. Ooru ń hó lójú ọ̀nà débi pé odi ìsọ̀ ń mì lójú ẹni. Nígbà tó yá, Ọ̀ṣúnlékè mú ike omi kan jáde, ó gbé e sáàárín èmi àti òun, ó sì yíjú síta bí ẹni pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ọ̀fun mi ti gbẹ bí èèpo, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ń bínú sí i, mo ń bínú sí òfin, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bínú sí jù ni Ìbíyẹmí tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí arúgbó kan.

Mo ń wá ọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n ṣàlàyé fún Màmá kí n tó sọ ọ́, Ọ̀ṣúnlékè ní mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́, mi ò sì gbọdọ̀ sọ pé mi ò ní in lọ́kàn. Òṣùwọ̀n kì í gba ìkọ̀sílẹ̀ tí a fi ẹnu méjì ṣe. Mo ní ó dáa. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀mí mẹ́tàlélógún ju ẹ̀dùn ọkàn ènìyàn méjì lọ. Mo sọ ọ́ fún ara mi bíi ìgbà mẹ́wàá, síbẹ̀ kò rọrùn sí i.

Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn Ilé Ìtura, òtútù fẹ́ sí wa lójú. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé òní ni. Ẹni tó ń sùn jókòó, ẹni tó ń ta ayò dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó kí mi, bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Mo rìn gba àárín wọn dé ibùsùn kẹrin. Eékún mi fẹ́ kanlẹ̀, mo di irin ibùsùn mú.

“Àníkẹ́, o ti dé,” ni Màmá Fadérera wí.

“Mo ti dé, mà.”

“Kí ló dé tí o dúró bí ọlọ́pàá?”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ nípa oríkì, nípa ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, nípa aago méjìlá. Ó ń gbọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, mo wo ògiri tó wà lókè orí rẹ̀, mo sì sọ ọ́.

“Màmá, mo kọ oríkì tí ẹ kì mí. Ẹ gbà á padà. Ẹ má kì mí mọ́.”

Mo gbọ́ tí Bàbá Ọdẹ́túndé ní “Háà!” kó tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní gbogbo ayé mi, n kò tíì sọ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó jù mí lọ, ohùn mi kò sì tilẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Màmá wò mí. “Bí mi ò bá gbà á padà ńkọ́?”

“Wọ́n á pa òtútù, mà.”

Ó yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo àwọn tó wà lápá ọ̀tún, ó wo àwọn tó wà lápá òsì. Ó wá pe Ọ̀ṣúnlékè. “Ọmọkùnrin, ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí máa ń mọ irọ́?”

“Ó máa ń mọ̀ ọ́n, mà.”

“Kì í ṣì í?”

“Mi ò tíì rí i kó ṣì í, mà.”

“Gbé e wá.”

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ti rù lé orí ẹ̀rọ náà. “Mi ò lè gba nǹkan kan padà,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. “Ẹni tó bá fúnni ní nǹkan ló ń gbà á padà. Mi ò fún ọmọbìnrin yìí ní nǹkan kan rí. Ọmọ tèmi ni mo ń kì. Àníkẹ́ lòun náà. Ó ti di ọdún méjìlélógójì tí a ti sin ín. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí ẹni tí mo lè pe orúkọ yẹn sí létí. Ìgbà tí ẹni yìí ní Àníkẹ́ lòun ń jẹ́, mo ní Ọlọ́run ti ṣí fèrèsé kan fún mi. Bó bá ti kúnlẹ̀, mo máa ń di ojú mi ni. Ẹ bi í bí mo bá wò ó lójú rí nígbà tí mo bá ń kì.”

Wọn kò bi mí. Òótọ́ ni pé ó máa ń di ojú. Gbogbo òwúrọ̀ ló máa ń di ojú, mo sì rò pé adùn oríkì ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo dúró de ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́tàlélógún jókòó níbẹ̀, ẹ̀mí wọn so mọ́ ohun tí ẹ̀rọ yẹn fẹ́ sọ, èmi tí mo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó ní irọ́ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọgbọ́n àgbà ni, pé ó ń purọ́ láti gbà wá là, pé èmi ló ń kì. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀, òtútù ìbá kú, inú mi ìbá sì dùn fún ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí ara mi.

“Òótọ́ ni,” ni ẹ̀rọ wí. “Oríkì náà kò wọ ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí Ògúnrántí. Kò gba nǹkan kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ Ilé Ìtura kò lérè.”

Ọ̀ṣúnlékè fọwọ́ sí ìwé náà lórí itan rẹ̀, ó nà án sí mi. Ọdún kan ló wà fún. Ó ka ìlà tó kẹ́yìn sókè bí òfin ṣe ní kó kà á, pé olórí ẹgbẹ́ yìí kò jẹ nínú oore tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó sì jáde sínú oòrùn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Bàbá Ọdẹ́túndé kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ayò padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kẹrin. Ìwé ìdásílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ohun tí mo ti fi ọdún kan àti ààbọ̀ wá. Inú mi kò dùn. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ti ń jẹun ní ilé onílé láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n wá sọ fún pé àlejò mìíràn ni wọ́n ń retí.

“Màmá, ẹ má bínú sí mi,” ni mo sọ.

“Bínú nítorí kí ni?”

“Nítorí mo kọ̀ ọ́.”

“Kì í ṣe tìẹ. Kí lo wá kọ̀?” Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣírò nǹkan fún ọmọdé. Ó wá fà mí létí díẹ̀, ó sì rántí òfin, ó sáré gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. “Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ló tì mí. Mo rí i pé o ń gbádùn ẹ̀.”

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí wa.

“Kí lorúkọ tí ẹ sọ ọ́ gan-an?”

“Mosúnmọ́lá.” “Omi ló gbé e lọ, lọ́dún tí odò ya wọ ìlú. Nọ́ọ̀sì ni. Ó padà lọ gbé aláìsàn kan.”

Mo dìde, mo tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, mo tún jókòó. Lẹ́yìn èyí ni mo ní, “Màmá, ẹ kì Mosúnmọ́lá. Ẹ kì í kí n gbọ́.”

Ó wò mí bóyá ọ̀rọ̀ náà ti ọkàn mi wá. Ó di ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lọ jìnnà ju ibi tó máa ń dé fún mi lọ, ó dé ibi ilé bàbá ọmọ náà, ibi àwọn odò tí wọ́n ti ń pọn omi, ibi tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ rìn. Ìlà lórí ìlà ni, tí n kò gbọ́ rí. Mo jókòó nílẹ̀, mo ká ọwọ́ lé eékún, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí tó fi parí. Kí n má purọ́, mo jowú òkú.